Kíndìnrín Inú Omi Fàdákà

Ní àárọ̀ Sátidé, Hasna Regragui ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà nínú yàrá òkùnkùn ní ẹ̀ka yunifásítì tó ti ń ṣèwádìí, ó gbé ìgò àkọ́kọ́ sókè, ó rí i pé omi nìkan ló kù nínú rẹ̀. Ó gbé ìkejì. Omi nìkan náà ni. Gbogbo ìgò ló wà ní ààyè wọn, ìdérí wọn le dáadáa, aṣọ dúdú tó fi bò wọ́n sì wà létòlétò bí òun fúnra rẹ̀ ṣe fi í sílẹ̀. Ẹran inú wọn ni ẹnì kan ti kó lọ. Hasna kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ìgò òfìfo kan lé itan, ibẹ̀ náà sì ni ọlọ́pàá bá a.

Inspẹ́kítọ̀ Maati Oualidi kì í ṣe ẹni tó ń yára rẹ́rìn-ín, pàápàá láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ní àgọ́ ọlọ́pàá ìlú Sáfì, ní Mòrókò, ọ̀gá rẹ̀ ti fi ẹjọ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́ kó tó jáde. Ó ní bó bá rí ológbò kan tó ń nu ẹnu lójú ọ̀nà, kó fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lọ́wọ́, kó padà wá jẹun. Maati jáde lọ sí yunifásítì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin náà, ó bi í pé kí ni wọ́n jí.

"Kíndìnrín eku pápá ni, Ọ̀gá. Kò tóbi ju ẹ̀wà lọ. Mo ti gé e sí wẹ́wẹ́."

Ó ṣàlàyé díẹ̀díẹ̀. Eku pápá ilẹ̀ Abda lè jẹ àlìkámà gbígbẹ fún oṣù púpọ̀ láìfẹnu kan omi, nítorí kíndìnrín rẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń há omi mọ́wọ́. Ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ sí kíndìnrín náà, ó sì ń gba inú àwọn fọ́nrán iṣan tín-ín-rín ránṣẹ́. Ìwé àtijọ́ ní fọ́nrán wọ̀nyí kì í kọjá apá òde. Hasna ní wọ́n wọ inú lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè rí wọn. Èèyàn ní láti rẹ ẹran náà sínú omi fàdákà nínú òkùnkùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kó tó fi omi mìíràn sọ fàdákà náà di dúdú. Bó bá ṣe déédéé, ara ẹran á pọ́n bí oyin, fọ́nrán á sì dúdú bí irun orí.

"Kì í sábà ṣe déédéé," ni Hasna wí. "Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń rẹ ẹran láwọ̀. Bí gbogbo ẹ̀ ò bá dúdú bí èédú, á funfun bí òwú. Ti ọ̀tẹ̀ yìí ló jẹ́. Mo yọ ẹyọ kan wò lọ́jọ́rú, mo rí fọ́nrán náà títí dé inú. Ẹyọ kan ò tó láti fi han àwọn àgbà tó máa yẹ iṣẹ́ wa wò. Wọ́n ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Iṣẹ́ olùkọ́ kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀ ní ẹ̀ka náà. Bí Hasna bá fi fọ́nrán rẹ̀ han àwọn àgbà, iṣẹ́ di tirẹ̀. Bí kò bá rí wọn fi hàn, iṣẹ́ di ti Anouar, ọmọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣèwádìí. Àwọn eku náà sì ni bàbá Hasna fi pàkúté mú gbẹ̀yìn kó tó kú. Kò sí òmíràn.

Maati yẹ yàrá òkùnkùn náà wò, ó dúró níbẹ̀ pẹ́. Maikirosíkóòpù tí wọ́n rà láti òkè òkun wà lórí tábìlì, olè kò fọwọ́ kàn án. Ìgò ńlá tí ìyẹ̀fun fàdákà kún inú rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó wá ti nu orí tábìlì kó tó lọ. Òórùn kan tún wà nínú afẹ́fẹ́ tó sé mọ́ náà, ó dùn, ó sì tutù. Omi òdòdó ọsàn ni. Ó bi Hasna bóyá tirẹ̀ ni. Hasna ní òfin ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi lọ́fíńdà wọ ibẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Sebti, ọ̀gá ẹ̀ka náà, ti mọ ẹni tó jalè kí wọ́n tó bi í. Ó ní Anouar ni, ta ni ì bá tún jẹ́? Ó wá fi tayọ̀tayọ̀ fún ọlọ́pàá ní ẹ̀rí kan. Omi fàdákà mọ́ bí omi mímu, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti ìka bọ̀ ọ́, tó bá jáde sínú oòrùn, ìka náà á di dúdú, kò sì sí ọṣẹ tó lè bó o fún ọjọ́ pípẹ́.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ara Maati yá. Ó ní kí gbogbo wọn na ọwọ́ síwájú. Anouar na tirẹ̀, ìka rẹ̀ dúdú. Hasna na tirẹ̀, ó dúdú. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà na tirẹ̀ lẹ́yìn tí ọlọ́pàá ti tẹjú mọ́ ọn díẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò sí ọwọ́ mímọ́ kan nínú ẹ̀ka náà.

Ó mú Anouar sẹ́yìn ilé, ó ní kó sọ ibi tó wà lọ́sàn-án Jímọ̀, lẹ́yìn tí Hasna ti kúrò níbi iṣẹ́. Anouar ní òun lọ kírun, lẹ́yìn náà òun jẹ sádìnì yíyan létí òkun pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti sú.

"Èmi àti Hasna ò bára wa jà rí," ló wí. "Láti ìgbà tí wọ́n ti ní iṣẹ́ kan ló wà ni nǹkan ti rí báyìí. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n bi yín: ṣé mo jọ ọ̀dẹ̀ lójú yín?"

"Mi ò tíì mọ̀," ni Maati fèsì.

"Ẹ ṣeun. Bí mo bá fẹ́ ba iṣẹ́ Hasna jẹ́, iyọ̀ ìdáná, kó mọ bí èèyàn á ṣe fi ìka méjì mú un, ti tó. Tí iyọ̀ bá kan omi fàdákà, ó parí. Màá sì máa bá a kẹ́dùn. Kí ni mo fẹ́ fi ẹran eku ṣe? Ṣé kí n fi se ọbẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Maati létí, ó sì bí i nínú pé ó wọ̀ ọ́ létí, nítorí ó já okùn kan ṣoṣo tó ti dì mú.

Ó kù Si Miloud, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Miloud, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnubodè. Ó ti ń gbó, etí rẹ̀ ṣì mú. Ó ní ọgbà náà ṣófo lọ́sàn-án Jímọ̀ bí ikùn aláàwẹ̀, àlejò kan kò wọlé. Maati rí àwo amọ̀ kan tí wọ́n fi aró búlúù ya lára, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò tíì rẹ̀. Ó bi í pé ta ló ni ín. Si Miloud ní sàráà ni, kúsíkúsì, oúnjẹ àlìkámà, tí ẹni rere kan gbé wá lẹ́yìn ìrun. Maati jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Aṣọ́bodè wo ni kì í rí kúsíkúsì jẹ lọ́jọ́ Jímọ̀ ní Sáfì?

Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti dé àgọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sebti ti pe ọ̀gá ọlọ́pàá lórí fóònù, ó sì ti pa á láṣẹ pé kí Anouar má wọ ẹ̀ka náà mọ́. Ọ̀gá ní kí Maati mú ọmọkùnrin náà wá lọ́jọ́ Ajé, kí ẹjọ́ eku yìí kúrò nílẹ̀. Maati ní kò sí ẹ̀rí. Ọ̀gá bi í léèrè bóyá ìka dúdú kì í ṣe ẹ̀rí. Maati ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n mú ọ̀jọ̀gbọ́n náà mọ́ ọn. 

Ní ọjọ́ Àìkú ó lọ sílé Hasna, lórí òkè àwọn amọ̀kòkò, bóyá wọ́n lè dárúkọ ọ̀tá kan fún un. Ìyá ọmọ náà, Lalla Zhor, ló ṣílẹ̀kùn. Opó ni. Aṣọ funfun ló wọ̀ látorí dé ẹsẹ̀, títí kan ìbọ̀sẹ̀, nítorí oṣù tí opó gbọ́dọ̀ fi jókòó sílé kò tíì pé. Ó ní kí Maati jókòó, ó ní kó má wo ìdọ̀tí ilé, bẹ́ẹ̀ ilé náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Maati fi ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ.

Hasna jókòó ní igun kan. Ìyá rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ó sọ nípa ọkọ rẹ̀, Si Allal, bí kíndìnrín rẹ̀ ṣe kọ iṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ó ní dókítà fi abẹ́rẹ́ gígùn kan yọ nǹkan lára rẹ̀.

"Bíńtín báyìí, bí hóró ìrẹsì tó dá sí méjì. Lára kíndìnrín ẹ̀. Nígbà tó kú mo ní kí wọ́n fún mi. Wọ́n ní ó wà ní lábọ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò. Ṣé wọ́n máa ń dá a padà, ọmọ mi? Ìwọ tó o jẹ́ ìjọba."

Maati ní òun kò mọ̀. Lalla Zhor ní kò burú, bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ó fa ọwọ́ aṣọ rẹ̀ bo ìka, ó gbé ìkòkò tíì sókè, ó ń da tíì láti òkè wá sínú ife. Ọwọ́ aṣọ náà yọ̀ sẹ́yìn. Làálì pupa wà lórí ìka rẹ̀ mẹ́ta, tuntun ni, kò sì sí lórí ìyókù. Ó fa aṣọ náà bò ó padà kíá. Maati mu tíì rẹ̀, ó dúpẹ́, ó jáde.

Ó ti rìn dé ìsàlẹ̀ òkè kó tó dúró. Nígbà tí bàbá òun fúnra rẹ̀ kú, ìyá rẹ̀ kò fojú kan làálì títí ọjọ́ opó fi pé. Àwọn ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n: opó kì í fi tìróò, kì í lé làálì, kì í jáde nílé lásán. Kí ló lè mú obìnrin tó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun nínú ooru yìí lé làálì? Ibì kan ló sì tún ti gbóòórùn omi òdòdó ọsàn yẹn gbẹ̀yìn, tí kò fẹ́ rántí. Wọ́n wọ́n ọn sórí aṣọ tí wọ́n fi wé òkú ìyàwó rẹ̀.

Ó padà sí ẹnubodè. Si Miloud rí i lókèèrè, ó sì dìde. Maati bi í pé ta ló gbé kúsíkúsì wá. Arúgbó náà wo ilẹ̀.

"Bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì, Si Maati. Sàráà òkú ni mo jẹ. Ṣé kí n jẹ ẹ́ tán, kí n wá lọ máa sọ fún ọlọ́pàá pé opó jáde nílé? Ẹ bi mí bóyá àlejò wọlé. Ìyá Hasna kì í ṣe àlejò. Ọjọ́ tí ọkọ ẹ̀ wà láyé, òun ló ń gbé oúnjẹ wá fún ọmọ náà, á jókòó tì í títí á fi jẹun tán."

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun aláàsárì, Maati tún gun òkè amọ̀kòkò. Kò mú ẹnikẹ́ni dání. Ó bẹ Hasna pé kó wá jókòó, ó sì bẹ ìyá rẹ̀ pé kó má gbé tíì kaná.

"Hasna, mo ti mọ ẹni tó kó ẹran rẹ," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Kì í ṣe Anouar. Òun ló ṣí mi lójú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yín á fi iyọ̀ ba omi náà jẹ́, á sì lọ. Ẹni tó wá yìí kò fẹ́ ba nǹkan kan jẹ́. Ẹran náà gan-an ló fẹ́. Ó dé ìgò padà, ó nu tábìlì, ó wọ́n omi òdòdó ọsàn. Mo rò ó títí: ta ló ń wọ́n omi òdòdó ọsàn sórí ẹran? Òkú nìkan là ń wọ́n ọn sí. Ẹni tó wá yìí rò pé ara èèyàn ló wà nínú ìgò."

Hasna yíjú sí ìyá rẹ̀. Lalla Zhor ń wo iwájú.

"Kò mọ ohun tí omi fàdákà ń ṣe," ni Maati ń bá lọ. "Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó jáde sínú oòrùn, nígbà tó délé ìka rẹ̀ ti dúdú. Kò sí ọṣẹ tó bó o. Ó wá fi làálì bò ó. Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ nìyẹn, Lalla. Ọwọ́ gbogbo èèyàn dúdú níbi iṣẹ́ Hasna, mi ò lè fi ìyẹn mú ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló lé làálì tí kò yẹ kó lé e. Ẹ dárí jì mí."

Lalla Zhor fa ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó gbé ọwọ́ náà lé orúnkún.

"Mi ò jalè," ló wí. "Ohun tó jẹ́ tèmi ni mo lọ mú. Ọlọ́run dá ọkọ mi ní pípé, wọ́n sì sin ín láìpé. Nọ́ọ̀sì ní ó wà nínú ìgò ní lábọ́, wọ́n fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Mo bi ọmọ yìí bóyá kíndìnrín ló wà nínú ìgò òun. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ti ta ni? Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má bi òun ní ọ̀rọ̀ kíndìnrín mọ́. Kí ni ẹ fẹ́ kí n rò? Mi ò mọ èyí tó jẹ́ tiẹ̀, mo bá kó gbogbo ẹ̀. Mo ní bó bá jẹ́ ti òkú mìíràn ló wà níbẹ̀, òun náà á rí ilẹ̀ sùn. Mo sin wọ́n síbi orí ẹ̀ ní sàréè, mo fi ewé mátílì tó ń ta sánsán bò ó."

 Ìró kẹ̀kẹ́ tí àwọn amọ̀kòkò fi ń mọ ìkòkò ń wọlé láti ìta. Hasna ti fi ọwọ́ méjèèjì bojú, nígbà tó sì gbé wọn kúrò, kò sí omijé kankan ní ojú náà. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

"Ìyá, eku ni."

"Kí ni eku?"

"Kíndìnrín eku pápá ni. Láti ọdún mẹ́rin. Mi ò lè sọ fún yín. Bí ẹ bá rí eku létí àwo, ẹ máa ń fọ ilé láti orí òrùlé. Ẹ̀ bá má jẹ́ kí n po ìyẹ̀fun nínú ilé yìí mọ́ láé."

"Bàbá rẹ ò sì mọ̀?"

"Bàbá fúnra wọn ni wọ́n ń mú àwọn eku náà. Gbogbo ọjọ́ Àìkú tí wọ́n ń lọ sí Abda, pàkúté ni wọ́n lọ ń dẹ."

Lalla Zhor kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Mo rò pé ó ní ìyàwó ní Abda," ló wá wí. "Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gbọ́n aṣọ ẹ̀, tí mo ń wá irun obìnrin." Ẹ̀rín jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì di ẹkún kó tó parí. "Mo ti sin eku sí orí ọkọ mi."

"Bàbá ò ní bínú," ni Hasna wí. "Wọ́n fẹ́ràn àwọn eku náà."

Maati bi í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ ìdáhùn, bóyá ẹran náà ṣì lè wúlò bí wọ́n bá hú u. Hasna mi orí. Fàdákà tó ti rí ìmọ́lẹ̀ kò níí yàn mọ́; gbogbo ẹ̀ á dúdú pọ̀, fọ́nrán àti ẹran. Àwọn àgbà á dé lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n á wo ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n á ní kó lọ tún un ṣe. Iṣẹ́ náà á di ti Anouar.

Inú bí Maati. Ó ti rí olè, kò sì sí ohun tó lè fi í ṣe. Bó bá sọ òótọ́ ní àgọ́, gbogbo Sáfì á gbọ́ pé opó Si Allal jáde nílé, ó lọ sin eku. Bó bá dákẹ́, orúkọ ọmọ ọlọ́mọ á máa rà. Ó sọ fún wọn ní kedere pé òun kò ní fi Anouar sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ ò ní fi í sílẹ̀," ni Hasna wí. "Lọ́la màá sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n pé èmi ni. Pé mo ṣí ìgò sínú ìmọ́lẹ̀, mo da ẹran náà nù, ojú tì mí, mo bá pe ọlọ́pàá. Wọ́n á gbà á gbọ́. Ó máa ń wù wọ́n láti gbà á gbọ́."

"Wọ́n á bú ọ," ni Maati wí.

"Wọ́n á bú mi."

 Maati dìde, ó wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó pẹ́ níbi tó ti ń so okùn rẹ̀, nítorí Lalla Zhor ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. Ó ń bi ọmọ rẹ̀ léèrè, bí ẹni tó ń bi àlejò, pé kí ló tiẹ̀ wà nínú kíndìnrín eku tí èèyàn á fi ọdún mẹ́rin wò. Hasna sọ fún un. Ó sọ nípa omi tí eku náà kì í mu, nípa fọ́nrán tín-ín-rín tó ń sọ fún kíndìnrín pé, mú un dání, má jẹ́ kó lọ. Ìyá náà ń gbọ́, kò dá a lẹ́nu.

"Ti bàbá rẹ náà ní fọ́nrán yẹn?"

"Gbogbo wa la ní in."

"Ṣé òun ló kọ̀ tí kò ránṣẹ́ mọ́? Ṣé òun ló pa á?"

"Mi ò mọ̀, Ìyá," ni Hasna wí. "Ohun tí mo ń wá nìyẹn."